Àmì Dúdú Lápá Ọ̀tún Júpítà

Bradford, England
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 1994

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ kú ọ̀rinrin. Ṣé orúnkún yín ti fara balẹ̀? Ẹ bá mi kí Àǹtí Dorothy tíṣà, aládùúgbò yín, ẹ ní mo ní ó kú ìtọ́jú yín. Ẹ bá mi kí Bàbá Sàníù ọ̀rẹ́ yín náà. Ní tèmi, mo wà, ara sì le.

Ẹ ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mẹ́ta rèé nínú àpòòwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ má bínú, kì í ṣe fọ́tò tèmi. Ìràwọ̀ kan ni, Júpítà lorúkọ rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi yà á. Bàbá òyìnbó kan ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé tí mo wà, Walter ni wọ́n ń pè é, bọ́ọ̀sì ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní awò gígùn kan tó gbé kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé, òun ló ń kọ́ mi bí a ti ń so kámẹ́rà mọ́ ọn. Akọ́ṣẹ́ ni mí. Nínú fọ́tò mẹ́rìndínlógójì, mẹ́ta yìí nìkan ló dára.

Ohun tó rí bí ẹyin kékeré yẹn, ayé ńlá kan ni. Bí irú ayé tiwa yìí bá tó ẹgbẹ̀rún kan, gbogbo wọn á wọ inú rẹ̀. Ìlà méjì tó gbà á láàárín kọjá, ìkuukùu ni wọ́n. Ẹ fi sọ́kàn pé awò náà máa ń dorí nǹkan kodò: ohun tó wà lókè á lọ sísàlẹ̀, tọ̀tún á di tòsì. Bí ẹ bá yí fọ́tò náà po, ẹ ò ṣẹ̀.

Mo mọ irú ojú tí ẹ ní, ẹ̀yin Bàbá Gírédà tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba. Ẹ bá mi wò ó dáadáa, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún mi. Yàtọ̀ sí Walter, mi ò rí ẹni tí màá fi í hàn níbí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọláníran.


Abà Ògúntúyì, lọ́nà Ìyànà Ọ̀fà, Ìbàdàn
Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún, 1994

Àjàní,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lánàá. Mo kí ọ, mo kí òtútù ibẹ̀ náà tí kò jẹ́ kí o rántí ọ̀nà ilé. Mo ní kí o fi ojú rẹ ránṣẹ́ sí mi, o fi ojú ọ̀run ránṣẹ́. Ọdún kẹjọ rèé tí o ti lọ. Nígbà tí Àpèkẹ́ ìyá rẹ kú, o ní ìwé ìgbélùú rẹ kò pé, pé bí o bá jáde wọn ò ní jẹ́ kí o padà wọlé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Èwo wá ni ti kámẹ́rà? Ṣé òun náà ń béèrè ìwé ìgbélùú ni?

Àwòrán rẹ dára. Sàníù rí i, ó ní Àgùàlà ni, ajá òṣùpá. Mo ní kó lọ bi àwọn àgbà: Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Nígbà tó lọ tán, mo mú awò ọlọ́wọ́ mi jáde, èyí tí mo fi ń yẹ kòkó wò láyé bọ́ọ̀dù, tó ń sọ èèrà di ẹfọ̀n. Mo di ojú òsì, mo fi tọ̀tún wò ó bí mo ti máa ń ṣe. Mo rí ìlà méjèèjì. Mo sì rí ohun tí o kò sọ fún mi. Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, àmì dúdú kan wà níbẹ̀, roboto, bí ihò tí kòkòrò lu sí horo kòkó. Ó wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni? Àbí o mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ kí o lè fi dán mi wò?

Ọdún tí o lọ náà ni ìjọba tú bọ́ọ̀dù kòkó ká. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ra kòkó ń ra tútù, wọ́n ń ra èyí tó bu, kò sẹ́ni tó ń pe gírédà wá wo ohunkóhun. Fọ́tò rẹ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé wá bá mi láti ọdún mẹ́jọ. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fi ojú rẹ ránṣẹ́.

Bàbá rẹ,
J. B. Ògúntúyì.


Bradford
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, 1994

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àárò Màmá. Lẹ́tà yín dé, mo kà á títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Mo wo ọ̀rọ̀ àmì dúdú tí ẹ sọ. Ẹ̀dà fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí àmì kankan lára wọn. Walter náà wò wọ́n, kò rí nǹkan kan. Bóyá epo kán sí tiyín, àbí àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ ló tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Walter ní kí n má ka irú rẹ̀ sí, pé ojú akọ́ṣẹ́ máa ń rí ohun tí kò sí. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn àgbà awòràwọ̀ kan rí odò gbọọrọ tí a gbẹ́ lára ìràwọ̀ Máàsì, wọ́n yà á sínú ìwé, wọ́n jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ kò sí odò kankan níbẹ̀. Ojú wọn ló so àmì tótòtó pọ̀ di ìlà.

Fọ́tò tèmi ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n gé irun ná. Ẹ má sì rò pé mo dá wà, a pọ̀ nínú ilé.

Ọláníran yín.


Abà Ògúntúyì
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, 1994

Ọláníran,

O rí i pé mi ò kọ Àjàní. Ojú akọ́ṣẹ́ ni o pè mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe gírédà, láti Lálúpọn títí dé Ẹ̀jìọ̀kú. Mo máa ń bu kòkó lókè àpò, ní àárín, nísàlẹ̀, mo máa ń ka ọgọ́rùn-ún horo, mo máa ń la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì kí n tó sọ̀rọ̀. A kì í fi horo kan dájọ́ àpò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣì í. Kòkó Sàníù ni. Mo rí dúdú nínú gbogbo horo tí mo là, mo ní kó kó o padà sílé. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ọ̀bẹ tí mo fi la kòkó ni mo fi bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló dúdú lẹ́nu ọ̀bẹ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un níwájú ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti di ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá lè sọ ẹ̀bi tirẹ̀ báyìí, ṣé ẹni tí ń rí ohun tí kò sí ni?

Epo kò kán sí fọ́tò rẹ. Fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́, kí n bù wọ́n wò lókè, ní àárín àti nísàlẹ̀.

Sàníù náà ti di aláwàdà lọ́jọ́ ogbó. Ó ń yọ́ wá bá mi láti apá ọ̀tún bí olè, mi ò ní mọ̀ títí yóò fi gbá mi léjìká, á wá ní òun ti ń juwọ́ sí mi láti ìdí igi ọsàn. Mo ti bá a jà lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀.

Bí mo bá sọ pé mo rí nǹkan, gbà mí gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ohun tí mo rí mọ́, ìwọ nìkan ni.

Bàbá rẹ.

Má wo bí ìlà mi ti rí. Bíró yìí kò dára.


Bradford
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje, 1994

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò sì tíì fẹ́ dìde. Ẹ dárí jì mí. Òótọ́ ni ẹ sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìràwọ̀ onírù kan tó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ já lu Júpítà. Ó lé ní ogún èérún, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, kò sì parí títí di Jímọ̀. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ pé a ó rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ láti ayé níbí. Bàbá mi, a rí i. Àmì dúdú ńláńlá ló fi sí i lára, òmíràn fẹ̀ ju gbogbo ayé tiwa yìí lọ. Mo fojú ara mi rí i nínú awò Walter. Walter jókòó sórí korobá tó dojú dé, ó ń sunkún. Èmi náà fẹ́ pe ẹnì kan kí n sọ fún un, mo wá rántí pé kò sẹ́ni tí mo lè pè.

Ìgbà yẹn ni lẹ́tà yín sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ ti rí àmì dúdú láti oṣù karùn-ún. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ awòràwọ̀ tó wà nílùú, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò lè ṣeé ṣe. Lóòótọ́, òkè ni àwọn àmì yìí wà nínú fọ́tò tèmi, ẹ̀yin sì ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà pé ẹ ti yí fọ́tò yín po kí ọ̀run lè dúró bó ṣe yẹ. Bí ẹ ṣe rí i kó tó ṣẹlẹ̀ ni mi ò mọ̀. Mi ò tún ní jiyàn pẹ̀lú ojú yín mọ́.

Méjì rèé nínú fọ́tò ọ̀sẹ̀ yẹn. Àmì mẹ́ta ló hàn lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ yín tó jẹ̀bi,
Ọláníran.


Abà Ògúntúyì
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ, 1994

Àjàní ọmọ mi,

Mo ti forí jì ọ́, dìde. Mo ka lẹ́tà rẹ fún gbogbo abà. Mo kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìkéde, wòlíì ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Sàníù ní bí ojú mi bá mú tó bẹ́ẹ̀, kí n wo iye tí wọn yóò ra kòkó lọ́dún yìí. Ìlara ni.

Mo gbé fọ́tò tuntun sórí tábìlì tí ìyá rẹ máa ń lọ aṣọ lé. O ní àmì mẹ́ta, mo rí mẹ́rin. Mo pe Dorothy, ó ní mẹ́ta. Dorothy kò la kòkó rí, mi ò bá a jiyàn. Ẹ̀kẹrin yẹn wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó jọ pé òun ni ẹ̀gbọ́n àwọn yòókù.

Mo kọsẹ̀ lára ẹní tí a sá kòkó sí, mo da ìdajì agbọ̀n nù. Omi tí mo ń bù sí ife náà ń lọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ogbó ni, kì í ṣe nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sẹ́ni nílé, mo máa ń tẹ́ fọ́tò rẹ sílẹ̀, mo máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ sọ ọ́. Wọn kì í dáhùn, ìwọ náà kì í sì í tètè dáhùn.

Ṣé irun tí o ń gé láti oṣù karùn-ún kò tíì tán?

Bàbá rẹ.


Bradford
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹwàá, 1994

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹsẹ̀ Walter kò gbé e mọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kó o lọ sí ìlú tirẹ̀, ó jìnnà. Ọkọ̀ ti ń gbéra kó tó rántí, ó ní kí n mú awò náà, pé òun kò ní ẹ̀yìnkùlé mọ́ níbi tí òun ń lọ. Mo gbé e sí yàrá mi. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ tó ga tó ènìyàn.

Mo ti fi iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé búrẹ́dì sílẹ̀. Mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń kó kápẹ́ẹ̀tì sí. Iṣẹ́ náà kò nira, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu mi láti Ọjọ́ Ajé títí di Jímọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń ka lẹ́tà yín sókè kí n lè gbọ́ Yorùbá. Ẹ má dààmú ṣá, àwọn mìíràn ṣì wà nínú ilé.

Ìràwọ̀ tuntun rèé, Sátọ̀n, èyí tó ní òrùka lára. Òrùka náà tín-ín-rín lọ́dún yìí. Mo fi fọ́tò òṣùpá méjì kún un. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò fún mi.

Ọláníran.


Abà Ògúntúyì
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, 1994

Àjàní,

O kú àárò ọ̀rẹ́ tó lọ. Ọ̀rẹ́ àgbà kì í pọ̀, mo mọ̀ bó ti rí.

Mo ti yẹ ẹrù rẹ wò, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn mọ́ mi. Àmì dúdú náà wà lára Sátọ̀n. Ó wà lára òṣùpá méjèèjì. Ibì kan náà ni, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tiẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Nígbà tí mo bá rí ìbàjẹ́ kan náà nínú àpò ará Lálúpọn àti àpò ará Ẹ̀jìọ̀kú, mi ò ní bá àgbẹ̀ jà, ilé ìkẹ́rùsí ni mo máa ń lọ wò. Ìdọ̀tí wà nínú awò rẹ. Nu dígí rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí yé ọ. Kì í ṣe ọgbẹ́ Júpítà ni mo rí ní oṣù karùn-ún, ìdọ̀tí ni mo rí. Mo ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi gbogbo ọjọ́ kan banú jẹ́, mo wá ní òótọ́ ni òótọ́, gírédà tó bá mọ̀ tó sì dákẹ́, olè ni. Mo sọ fún Sàníù. Kò rẹ́rìn-ín, ojú mi ló ń wò.

Bàbá rẹ.


Bradford
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá, 1994

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí pẹ̀lú sùúrù, lọ́wọ́ ọ̀sán tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀.

Mo tú awò náà palẹ̀. Mo nu dígí rẹ̀. Mo gbé fíìmù gbogbo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí yín sábẹ́ iná, mo wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ́. Kò sí ìdọ̀tí nínú ilé ìkẹ́rùsí tí ẹ sọ.

Ìgbà yẹn ni mo kó lẹ́tà yín jáde, mo tò wọ́n sílẹ̀ ní déètì déètì bí ẹni ń to fọ́tò. Ìlà lẹ́tà oṣù karùn-ún tọ́ bí òpó. Ti oṣù kẹwàá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe bíró. Mo tún rántí Bàbá Sàníù tó ń yọ láti apá ọ̀tún, ẹní kòkó, omi tí kì í wọ inú ife. Gbogbo rẹ̀ ni ẹ sọ fún mi, Júpítà ni mo ń wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Ẹ mú fọ́tò òṣùpá. Ẹ di ojú òsì, ẹ fi tọ̀tún wò ó, kí ẹ rí àmì yẹn nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ wá yí fọ́tò náà dorí kodò. Bí àmì náà bá wà lára fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ lọ sókè lápá òsì. Bí kò bá yí, bó bá ṣì dúró síbi tó wà, kò sí lára òṣùpá, kò sí lára dígí mi. Lẹ́yìn náà ẹ di ojú ọ̀tún, ẹ fi tòsì wò ó.

Bàbá mi, ẹ rántí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ ni mo ní kí ẹ wò.

Bí ó bá rí bí mo ti ń bẹ̀rù, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Kí Àǹtí Dorothy mú yín lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn. Mo bẹ̀ yín.

Ọláníran.


Bradford
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kìíní, 1995

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Mi ò tíì rí èsì gbà. Mo mọ̀ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ máa ń há lákòókò Kérésìmesì. Bí inú bá ń bí yín sí mi, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́, màá gbà á. Ṣé ẹ yí fọ́tò náà?

Ọláníran.


Bradford
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì, 1995

Bàbá mi,

Mi ò gbé awò síta mọ́. Mò ń jókòó sórí àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ de ẹni tó ń pín lẹ́tà, ó ti mọ̀ mí, ó máa ń mi orí láti òkèèrè. Àǹtí Dorothy, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ já ìwé yìí, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi.

Ọláníran.


Abà Ògúntúyì
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 1995

Àjàní,

Dorothy ló ń kọ èyí, èmi ni mò ń sọ ọ́. Mo ní kó má tún un ṣe.

Inú bí mi nígbà tí lẹ́tà rẹ dé. Mo kó gbogbo ìràwọ̀ rẹ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá rẹ, mo ní ẹni tí mo bí ń bú ojú mi. Mo bínú fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú òṣùpá jáde. Mo yí i. Àmì náà kò yí. Mo tún un yí. Mo di ojú ọ̀tún, òṣùpá mọ́ láti etí dé etí, àmì yẹn kò sí níbẹ̀. Mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí, Àjàní, mi ò ní parọ́ fún ọ. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ojú ni mo fi di ẹni tí wọ́n ń pè, mi ò mọ ohun tí wọn ó máa pè mí lẹ́yìn ojú. Sàníù ló fà á jáde lẹ́nu mi. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà òjò, òun ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi ni.

Dorothy mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú, dókítà ní omi inú ẹyinjú ló ń tì í láti inú. Kì í dunni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jí ojú kó. Tọ̀tún ti lọ tán fẹ́rẹ̀ẹ́, kò ṣeé gbà padà. Oògùn ni Dorothy ń kán sí tòsì láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo bi dókítà bóyá bí mo bá ti wá ní oṣù karùn-ún ni, ó ní kí n má bi òun ní ìyẹn.

Ọ̀bẹ ni lóòótọ́. O gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́. Má dá ara rẹ lẹ́bi lórí ìràwọ̀ onírù yẹn, àwa méjèèjì ni inú wa dùn sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè. Má fi ìràwọ̀ ránṣẹ́ mọ́. Fi ojú rẹ ránṣẹ́ nígbà tí mo ṣì ní èyí tí mo fi máa wò ó.

Bàbá rẹ.


Bradford
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, 1995

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín bá mi lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ, màá tún fagi lé e.

Fọ́tò mi rèé. Mo gbé kámẹ́rà sórí awò Walter, mo sáré lọ dúró níwájú rẹ̀. Ẹ má wo bí mo ṣe rí, òtútù ni. Mo wà dáadáa, a pọ̀ nínú ilé, a jọ ń jẹun.

Mo fẹ́ wá. Ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà, ọdún mẹ́sàn-án á wá di òfo. Lọ́yà kan sọ pé ìwé ìgbélùú mi lè jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi fara dà á di ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ yín,
Ọláníran.


Abà Ògúntúyì
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹrin, 1995

Àjàní ọmọ mi,

Fọ́tò rẹ dé. Mo lé gbogbo wọn jáde, títí kan Dorothy tó wá ń kọ èyí, mo jókòó sídìí fèrèsé láàárọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mo fi ojú òsì yẹ̀ ọ́ wò bí mo ti ń yẹ kòkó wò, lókè, ní àárín, nísàlẹ̀.

Irun rẹ ti funfun ní ẹ̀bá etí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ọ́. O ti rù, ọrùn rẹ kò kún ẹ̀wù náà mọ́, ẹ̀wù ìgbà tí o ní ara ni. Lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn rẹ, ife kan ló wà níbẹ̀, ṣíbí kan, àwo kan. Àga kan ló wà nídìí rẹ̀. O ní ẹ pọ̀ nínú ilé, ẹ jọ ń jẹun. Àjàní, ta ló ń jókòó níbo?

Mo ní kí n má fi ojú tí ń ṣàìsàn dájọ́ ọmọ mi. Mo wá fi ojú ọ̀tún wò ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù nínú rẹ̀. Àmì dúdú náà bò ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo yí ọ dorí kodò bí o ti kọ́ mi. Àmì náà kò yí. Rírù náà yí pẹ̀lú rẹ. Mo yí ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbà. Mo ti wá mọ èyí tó jẹ́ tèmi àti èyí tó jẹ́ tìẹ. Dúdú yẹn, tèmi ni. Rírù yẹn, tìẹ ni, kì í ṣe ojú mi ló fà á.

O ní kí n fara dà á di ọdún tó ń bọ̀. Mo bi dókítà. Ó ní òun ń du ojú òsì, òun kò ṣèlérí ọdún fún un. Ọdún mẹ́sàn-án tí o ní yóò di òfo, mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú fọ́tò yìí, mi ò rí i níbẹ̀. Ilé wà. Kòkó díẹ̀ wà. Sàníù ní òun ti ń tún yàrá rẹ rẹ́, mi ò bẹ̀ ẹ́.

Dorothy dúró níbí. Ìlà tó kù, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.

Àjàní, mo ṣì ń ríran lápá òsì. Máa bọ̀.


Wáyà láti Bradford
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún, 1995

MO TI RA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ. ỌJỌ́ KEJÌLÁ OṢÙ KẸFÀ. APÁ ÒSÌ YÍN NI MÀÁ GBÀ WỌLÉ. ÀJÀNÍ.